Ara tí ń Bá Ara Jà: Ogún Inú Jíìnì tí ó So Lupus pọ̀ mọ́ Àwọn Àrùn Mìíràn láàárín Yorùbá àti Àwọn Ìbátan Wọn

1.0 ÌFÁÀRÀ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Òwe yìí bá ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú pépà yìí mu gan-an. Ọ̀pọ̀ àrùn tí a mọ̀ ni ó máa ń ti òde wọ inú ara: ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà wá, omi ìdọ̀tí ni ó sì ń gbé onígbáméjì wá. Ṣùgbọ́n àwọn àrùn kan wà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára tí ó wà nínú ara láti máa dáàbò bò ó ni ó ń yíjú padà, tí ó sì ń bá ara náà jà. Àrùn ara-ń-bára-jà ni a óò máa pe irú àrùn bẹ́ẹ̀. Lupus ni a óò fi ṣe ìpìlẹ̀ àlàyé wa, nítorí pé òun ni ó fi ìwà àwọn yòókù hàn jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹbí kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹbí kan pàtó. Ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ ní ilé púpọ̀ ni a kó jọ sí ojú kan. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé Shasha ni wọ́n ń gbé, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìyá àgbà inú ilé náà ti ní gẹ̀gẹ̀ rí. Ó ń rù, àyà rẹ̀ sì máa ń já lọ́sàn-án lóru. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kò lè di ọwọ́ rẹ̀ láàárọ̀ títí oòrùn yóò fi yọ dáadáa, nítorí pé oríkèé ìka rẹ̀ wú. Ọmọbìnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ-ọmọ ìyá àgbà yìí, ẹni ọdún 24, wá bẹ̀rẹ̀ sí í ní ibà tí kò lọ. Irun rẹ̀ ń jábọ́, egbò yọ sí i lẹ́nu, oríkèé ń dùn ún. Wọ́n tọ́jú ibà fún un, wọ́n tọ́jú taifọ́ọ̀dù, wọ́n tún padà sórí ibà. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Nígbà tí ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú ni wọ́n tó mọ̀ pé lupus ni, ó sì ti dé inú kíndìnrín. Ní gbogbo ìgbà yẹn, kò sí ẹni tí ó béèrè nípa gẹ̀gẹ̀ ìyá àgbà tàbí ìka àbúrò rẹ̀.

Èrò wa nínú pépà yìí ni pé ó yẹ kí a béèrè. Ohun mẹ́ta ni a óò gbìyànjú láti fi hàn. Èkíní ni pé lupus kì í ṣe àrùn òyìnbó, nítorí pé ohun tí ó ń fà á wà nínú ogún tí àwọn baba ńlá wa fi sílẹ̀. Èkejì ni pé púpọ̀ nínú ogún yìí ni lupus àti àwọn àrùn ara-ń-bára-jà yòókù jọ ń pín. Ẹ̀kẹta ni pé ogún ewu kì í ṣe àyànmọ́. Nítorí náà, ìwádìí ìdílé gbọ́dọ̀ wà fún ìtọ́jú, kì í ṣe fún ìtìjú.

2.0 ÌTUMỌ̀ ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÍ A ÓÒ LÒ

2.1 Lupus àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀

Ọ̀rọ̀ Látìn ni lupus. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìkookò. Àwọn oníṣègùn Yúróòpù àtijọ́ ni wọ́n fi egbò ojú wé ibi tí ìkookò ti bu ènìyàn jẹ. Lónìí, a mọ̀ pé àrùn náà ju ọ̀rọ̀ awọ ara lọ.

Nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun kan wà tí iṣẹ́ wọn jọ ti ọdẹ tí ń ṣọ́ àdúgbò lóru. Ọdẹ gbọ́dọ̀ mọ onílé yàtọ̀ sí olè. Bí olè bá wọlé, àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí a tú àwọn èròjà kan jáde tí a óò máa pè ní agbóguntàrùn. Nínú àrùn ara-ń-bára-jà, ọdẹ kò dá onílé mọ̀ mọ́. Onílé ni ó ń yìnbọn sí.

Ohun tí ó mú kí àwọn àrùn yìí yàtọ̀ síra ni onílé tí ìbọn bá. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yà ara kékeré tí ó wà lọ́rùn, tí ń ṣe ètò bí ara ṣe ń lo oúnjẹ, ni agbóguntàrùn dojú kọ, irú gẹ̀gẹ̀ tí a ń pè ní àrùn Graves lè ṣẹlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe insulin, irú àtọ̀gbẹ tí ó máa ń mú ọmọdé ni. Bí ó bá jẹ́ oríkèé, làkúrègbé tí ń wú oríkèé, tí ó sì ń sọ ìka di wíwọ́, ni. Bí ó bá jẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pa awọ láró, awọ a máa bó funfun ní abala-abala. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì máa fi àṣìṣe pè é ní ẹ̀tẹ̀. Ti lupus ni ó gbòòrò jù, nítorí pé ohun tí ó wà nínú kókó sẹ́ẹ̀lì gan-an ni ó ń bá jà. Kò sì sí ẹ̀yà ara tí kò ní sẹ́ẹ̀lì. Ìdí nìyí tí ó fi lè mú awọ, oríkèé, ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín, ọpọlọ àti awọ tí ó bo ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró.

2.2 Jíìnì àti ẹ̀dà rẹ̀

Jíìnì ni àwọn ìlànà tí a kọ sínú sẹ́ẹ̀lì, èyí tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé láti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Méjì-méjì ni a ń jogún ọ̀pọ̀ jùlọ wọn: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ baba, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ìlànà kan náà lè ní ju ẹ̀dà kan lọ, ìyàtọ̀ inú ẹ̀dà sì lè mú kí iṣẹ́ rẹ̀ le tàbí kí ó dẹ̀.

Gbogbo ẹni tí ó ti gbèrò ìgbéyàwó ní ilẹ̀ wa ni ó mọ ọ̀rọ̀ AA, AS àti SS. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń tẹ̀ lé jíìnì kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá jogún S méjì ti ní àrùn náà. Lupus kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún nínú jíìnì ènìyàn ni a ti mọ̀ pé ó ń dá kún ewu rẹ̀, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá kò sì tó nǹkan. A lè fi wé èésú: ẹni kan kò lè fi owó tirẹ̀ nìkan kó èésú, ṣùgbọ́n bí owó gbogbo ẹgbẹ́ bá pé, ẹrù di gbígbé. Àfi díẹ̀ nínú àwọn aláìsàn ni jíìnì kan ṣoṣo ti máa ń fa lupus. Ẹni tí kò bá ní C1q rárá, èyí tí ó jẹ́ èròjà tí ń kó pàǹtírí sẹ́ẹ̀lì kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀; ṣùgbọ́n irú wọn kò wọ́pọ̀.

3.0 ÌBÉÈRÈ TÍ Ó TI ÌBÀDÀN BẸ̀RẸ̀

Ní ọdún 1968, Brian Greenwood tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí a dá dúró sí ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn láàárín ọdún 1957 sí 1966. Àkọsílẹ̀ aláìsàn 98,454 ni ó wò. Àwọn tí ó ní àrùn ara-ń-bára-jà láàárín wọn kò ju 104 lọ. Iye yìí kéré gan-an sí ohun tí à bá rí ní Yúróòpù nígbà náà. Greenwood wá béèrè bóyá ibà àti aràn tí ń bá àwọn ènìyàn wa fínra láti kékeré ni ó ń dá ara lọ́wọ́ kọ́ kí ó má baà bá ara rẹ̀ jà. Ní ọdún 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú eku kan dán èyí wò, irú eku tí lupus máa ń mú láti inú ìran rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi kòkòrò ibà eku sí wọn lára, àrùn náà kò lè ṣe wọ́n bí ó ti máa ń ṣe àwọn ẹgbẹ́ wọn.

Ìbéèrè tí ó mọ́gbọ́n dání ni Greenwood béèrè. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn mìíràn mú jáde nínú rẹ̀ ju ohun tí ó gbé lọ. Wọ́n mú un pé lupus kò sí lára aláwọ̀ dúdú tí ó wà ní Áfíríkà. Ní apá kejì, ẹ̀rí ń pọ̀ sí i pé lupus ń mú aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà àti ti erékùṣù Kàríbíánì ju aláwọ̀ funfun lọ. Àwọn ọmọ ìyá kan náà, tí òkun pín níyà: báwo ni àrùn kan ṣe lè pọ̀ lọ́hùn-ún, kí ó má sì sí níbí?

Ọ̀nà kan láti dá ìbéèrè yìí lóhùn ni láti wo àwọn tí wọ́n kó láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ sí òkè òkun ní ayé tiwa yìí, tí kò sí àmúlùmálà púpọ̀ nínú ìran wọn. Mariam Molokhia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe èyí ní gúúsù Lọ́ńdọ́ọ̀nù, níbi tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí, Yorùbá kò sì gbẹ́yìn láàárín wọn. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 ni pé nínú 100,000 obìnrin tí ó ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wá, 110 ni ó ní lupus. Ti àwọn obìnrin Kàríbíánì jẹ́ 177. Ti àwọn obìnrin Yúróòpù jẹ́ 35. Ní ọdún 2003, wọ́n tún fi hàn ní Trinidad pé bí ìpín ìran Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lára ènìyàn ti ń pọ̀ tó ni ewu lupus rẹ̀ ń pọ̀ tó.

Ẹ̀rí kejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Gullah, ìyẹn àwọn aláwọ̀ dúdú erékùṣù etí òkun South Carolina ní Amẹ́ríkà, tí ìran wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dàpọ̀ mọ́ ti òyìnbó. Lupus wọ́pọ̀ nínú ẹbí wọn. Àwọn onímọ̀ tí ń ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ wọn kọjá sí Sierra Leone, ilẹ̀ tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró, nítorí pé ìbátan wà láàárín ìran méjèèjì. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2011, wọ́n rí i pé agbóguntàrùn tí ń bá ara jà wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin Sàró tí ara wọn le, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn Gullah. Irúgbìn náà wà ní ìhín àti ní ọ̀hún.

Ní Èkó gan-an, Adelowo àti Oguntona tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 2009 láti inú ilé ìwòsàn aládàáni kan tí ń tọ́jú àrùn oríkèé. Nínú aláìsàn 1,250 tí ó wá síbẹ̀, 66 ni ó ní lupus. A kò lè fi èyí mọ iye tí ó wà nínú gbogbo ìlú, nítorí pé àwọn tí ara ń ni nìkan ni ó ń lọ sí irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé níbi tí ojú tí ó mọ lupus bá wà, a máa ń rí lupus. Ní èrò tiwa, àlàyé méjì ni ó wà fún iye kékeré tí Greenwood rí ní Ìbàdàn, wọn kò sì tako ara wọn: ó ṣeé ṣe kí ibà máa dí àrùn náà lọ́wọ́, ó sì tún ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ aláìsàn ti kú sábẹ́ orúkọ àrùn mìíràn kí ẹnikẹ́ni tó kọ orúkọ lupus sílẹ̀.

4.0 OGÚN TÍ ÀWỌN ÀRÙN YÌÍ JỌ Ń PÍN

Ní ọdún 2011, Chris Cotsapas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ibi 107 jọ nínú jíìnì ènìyàn tí a ti mọ̀ pé ó ní í ṣe pẹ̀lú àrùn ara-ń-bára-jà. Wọ́n wá fi àrùn méje wò ó, lupus, làkúrègbé oríkèé àti àtọ̀gbẹ ọmọdé sì wà lára wọn. Ibi 47 nínú 107 náà ni ó ní ọwọ́ nínú ju àrùn kan lọ. Ìyẹn ni pé àwọn àrùn tí a ń tọ́jú ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nílé ìwòsàn jẹ́ ọmọ bàbá kan náà nínú jíìnì. A óò mú díẹ̀ nínú àwọn jíìnì náà yẹ̀ wò.

4.1 HLA: àwo tí a fi ń gbé nǹkan hàn

Ọ̀pọ̀ jùlọ sẹ́ẹ̀lì ni ó ní ohun kan tí a lè fi wé àwo. Sẹ́ẹ̀lì a máa gbé ẹ̀rúnrún ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sórí àwo yìí, kí àwọn ọdẹ lè wò ó bóyá àlejò ti wọlé. Àwọn jíìnì HLA, tí wọ́n wà lórí kúrómósóòmù kẹfà, ni wọ́n ń pinnu bí àwo náà ṣe rí. Bí àwo ẹnì kan bá ń gbé ẹ̀rúnrún ara rẹ̀ hàn ní ọ̀nà tí ó jọ ti àlejò, ọdẹ lè ṣìnà. Láàárín àwọn ènìyàn Yúróòpù, ẹ̀dà tí a ń pè ní DR3 ń dá kún ewu lupus, àtọ̀gbẹ ọmọdé àti àrùn Graves. Láàárín àwọn tí ó ti Áfíríkà ṣẹ̀, ẹ̀dà DRB1*15:03 ni a máa ń rí pẹ̀lú lupus. Ẹ̀dà yìí jẹ́ ìbátan DRB1*15:01, èyí tí ń dá kún ewu lupus láàárín àwọn ènìyàn Yúróòpù, tí ó sì tún ń dá kún ewu àrùn kan tí ń ba ìwérí iṣan ọpọlọ jẹ́. Àwo kan náà, àrùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

4.2 Akígbe, oníbíréèkì, àti jíìnì tí kò sí lọ́dọ̀ wa

Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì bá wọ sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì náà a máa tú èròjà ìkìlọ̀ jáde tí a ń pè ní interferon. Jíìnì IRF5 wà lára àwọn tí ń pàṣẹ pé kí a lu agogo ìkìlọ̀ yìí. STAT4 wà lára àwọn tí ń gbé ìró agogo náà dé ọ̀dọ̀ ọdẹ. Àwọn ẹ̀dà kan nínú wọn a máa mú kí agogo dún ju bí ó ti yẹ lọ. Ní ọdún 2007 ni a rí i pé ẹ̀dà STAT4 kan náà ń dá kún ewu lupus àti ti làkúrègbé oríkèé. TNFAIP3 ni ó dà bí bíréèkì: òun ni ó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé ìjà tó. Bí bíréèkì yìí bá dẹ̀, ewu lupus, làkúrègbé oríkèé àti àwọn mìíràn ń pọ̀ sí i. A ti rí ọwọ́ àwọn jíìnì mẹ́ta yìí nínú lupus àwọn aláwọ̀ dúdú pẹ̀lú.

Ti PTPN22 yàtọ̀, ẹ̀kọ́ pàtàkì sì wà nínú rẹ̀. Láti ọdún 2004 ni a ti mọ̀ pé ẹ̀dà kan nínú jíìnì yìí ń dá kún ewu àtọ̀gbẹ ọmọdé, làkúrègbé oríkèé, àrùn Graves àti lupus. Kò sí àpẹẹrẹ pípín tí a máa ń tọ́ka sí ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá lára àwọn ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Síbẹ̀, lupus wà lọ́dọ̀ wa. Ó túmọ̀ sí pé òṣùwọ̀n ewu tí a fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn Yúróòpù nìkan ṣe kò lè wọn ewu tiwa bí ó ti yẹ. Yóò máa wá ohun tí a kò ní, yóò sì máa fojú fo ohun tí a ní.

4.3 Ìdí tí ó fi jẹ́ pé obìnrin ni ó pọ̀ jù

Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó ní lupus, bí mẹ́sàn-án ni ó jẹ́ obìnrin. Kúrómósóòmù X méjì ni obìnrin ní, ọkùnrin ní ẹyọ kan. Ara obìnrin a máa pa ẹnu ọ̀kan dé, ṣùgbọ́n àwọn jíìnì kan lórí rẹ̀ a máa sọ̀rọ̀ síbẹ̀. TLR7, tí ń fura sí fáírọ́ọ̀sì, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní ọdún 2008, a fi hàn pé àwọn ọkùnrin tí a bí pẹ̀lú X méjì àti Y kan ní ewu lupus tí ó tó ìlọ́po 14 ti ọkùnrin mìíràn. Ní ọdún 2022, a rí ẹ̀dà TLR7 kan tí òun nìkan tó láti fa lupus lára ọmọbìnrin kan. Gẹ̀gẹ̀ Graves àti làkúrègbé oríkèé pẹ̀lú a máa mú obìnrin ju ọkùnrin lọ. Nítorí náà, nígbà tí àrùn bá ń ti ara ìyá àgbà kọjá sí ara ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, kò yẹ kí ó jẹ́ àjẹ́ ni a óò kọ́kọ́ rò.

5.0 OGÚN TÍ IBÀ ÀTI ÀRÙN OORUN FI SÍLẸ̀

Ẹnì kan lè béèrè pé, bí àwọn ẹ̀dà yìí bá léwu tó báyìí, kí ló dé tí wọn kò pa run láti ìran dé ìran? Ìdáhùn kan ni pé wọ́n ti ṣe àwọn baba ńlá wa ní oore rí. A mọ èyí dáadáa nípa S: AS ń gba ọmọdé lọ́wọ́ ibà líle, SS sì ń pa á lára.

Jíìnì FCGR2B jẹ́ bíréèkì mìíràn. Ó ń dá àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe agbóguntàrùn lọ́wọ́ kọ́. Ẹ̀dà kan wà tí kò jẹ́ kí bíréèkì yìí mú. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2010 fi hàn pé ẹ̀dà yìí ń dá kún ewu lupus, ṣùgbọ́n ó ń dáàbò bo àwọn ọmọdé Kẹ́ńyà lọ́wọ́ ibà líle. Ó sì wọ́pọ̀ ní Áfíríkà àti Éṣíà ju Yúróòpù lọ. Ara tí ó yára bínú sí kòkòrò ibà ni ó yè. Ara kan náà ni ó lè bínú sí ara rẹ̀ níbi tí ibà kò ti pọ̀ mọ́.

Ó yẹ kí a ya APOL1 sọ́tọ̀, kí a má baà ṣì í mú. Ní ọdún 2010 ni a fi hàn pé ẹ̀dà méjì nínú jíìnì yìí, tí a ń pè ní G1 àti G2, ń dá kún àrùn kíndìnrín láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú. Nínú ilé àyẹ̀wò, èròjà tí wọ́n ń ṣe lè pa kòkòrò kan tí ń fa àrùn oorun, èyí tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. G1 wọ́pọ̀ gan-an láàárín Yorùbá: ó ju 30 lọ nínú gbogbo ẹ̀dà 100. APOL1 kì í ṣe jíìnì lupus. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2014, ìwádìí láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà fi hàn pé bí lupus bá mú kíndìnrín ẹni tí ó jogún irú ẹ̀dà yìí méjì, kíndìnrín náà ṣeé ṣe kí ó kú ju ti ẹlòmíràn lọ. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé láàárín Yorùbá, àkókò kò sí láti fi ṣòfò. Àyẹ̀wò ìtọ̀, tí owó rẹ̀ kò pọ̀, lè fi hàn pé kíndìnrín ti ń jò kí ojú tó wú.

6.0 OGÚN KÌ Í ṢE ÀYÀNMỌ́

Yorùbá a máa ṣe ìwádìí ìdílé kí wọ́n tó fi ọmọ fún ọkọ. Wọ́n a béèrè nípa ẹ̀tẹ̀, wèrè àti wárápá. Nítorí ìwádìí yìí, ọ̀pọ̀ ẹbí ni ó ti kọ́ láti fi àìsàn pamọ́. Ẹ̀rù ń bà wá pé bí a bá sọ pé jíìnì wà nínú lupus, a lè fi orúkọ kan kún àwọn ohun tí ẹbí yóò máa bò mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí a sọ bí agbára ogún yìí ti mọ.

Ìbejì ni ó fi í hàn jù. Ìbejì tí ó ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá ni jíìnì wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1992, bí lupus bá mú ọ̀kan nínú irú ìbejì bẹ́ẹ̀, ó mú èkejì nínú 24 péré nínú 100. Láàárín ìbejì tí ó ti inú ẹyin méjì wá, bí èyí tí ó pọ̀ jù láàárín Yorùbá, 2 nínú 100 ni. Ìyàtọ̀ 24 sí 2 fi hàn pé ogún wà nínú ọ̀rọ̀ náà dájúdájú. Ṣùgbọ́n àwọn 76 yòókù, tí jíìnì wọn kò yàtọ̀ sí ti aláìsàn rárá, kò ní lupus. Àwọn ohun mìíràn, bí oòrùn, sìgá, àwọn fáírọ́ọ̀sì kan àti àwọn oògùn kan, wà lára ohun tí ń bá jíìnì lọ́wọ́ sí i. Ẹni tí ó bá fi lupus ẹ̀gbọ́n kọ àbúrò sílẹ̀ ní ojú ọ̀nà ìgbéyàwó ti fi ohun tí kò tó nǹkan dá ẹjọ́ ńlá.

Bí a bá padà sí ẹbí tí a fi ṣe àpẹẹrẹ ní Shasha, a óò rí i pé bí dókítà bá béèrè pé, "Ǹjẹ́ ẹnì kan ní lupus nínú ẹbí yín?", wọn yóò dáhùn pé rárá, òtítọ́ ni wọn yóò sì sọ. Ìbéèrè náà ni ó há jù. Ìbéèrè tí ó bá ìmọ̀ wa nípa jíìnì mu ni èyí: "Ǹjẹ́ ẹnì kan ní gẹ̀gẹ̀, tàbí oríkèé tí ń wú láàárọ̀, tàbí awọ tí ń bó funfun, tàbí àtọ̀gbẹ láti kékeré, tàbí oyún tí ń bàjẹ́ léraléra?" Ìdáhùn sí èyí nìkan kò tó láti fi sọ pé lupus ni. Gẹ̀gẹ̀ pàápàá ní ohun mìíràn tí ń fà á, àìtó iyọ̀ oníáyódíìnì sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí a ronú kan lupus kí a tó tún tọ́jú ibà ní ìgbà kẹrin, kí a sì ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ àti ti agbóguntàrùn inú ẹ̀jẹ̀.

7.0 ÌKÁDÌÍ

Nínú pépà yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé lupus àti àwọn àrùn ara-ń-bára-jà yòókù jọ ń pín ogún púpọ̀ nínú jíìnì. Pé ogún náà ti wà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kí òkun tó pín àwọn ọmọ rẹ̀ níyà. Àti pé ewu ni ó ń gbé wá, kì í ṣe ìdájọ́.

Ohun kan ni ó kù tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀ fún ìjíròrò. Nígbà tí àwọn onímọ̀ àgbáyé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ HapMap ní ọdún 2002 láti ya àwòrán ìyàtọ̀ inú jíìnì ènìyàn, àwọn Yorùbá Ìbàdàn wà lára àwọn ìran mẹ́rin tí wọ́n kọ́kọ́ lò. Àádọ́rùn-ún ènìyàn ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn, láti inú ẹbí 30: baba, ìyá àti ọmọ. Láti ìgbà náà, kò sí ilé ìwádìí jíìnì pàtàkì ní ayé tí kò mọ YRI, ìyẹn àmì tí wọ́n fi ń pe ẹ̀jẹ̀ Yorùbá yìí. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa lupus aláwọ̀ dúdú ni ó wá láti ara àwọn ìbátan wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá tí ara wọn le ti di òṣùwọ̀n fún gbogbo ayé, nígbà tí aláìsàn Yorùbá kò tíì ní òṣùwọ̀n tirẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ onímọ̀ jíìnì nìkan ni èyí. Iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ fún àwa tí ń kọ́ nípa èdè pẹ̀lú. A kò lè béèrè ohun tí a kò ní orúkọ fún lọ́wọ́ ìyá àgbà. Bí Yorùbá bá ní ọ̀rọ̀ tí ó mọ́gaara fún àwọn àrùn yìí, tí kò ní ìtìjú nínú, tí kò sì pe awọ tí ń bó ní ẹ̀tẹ̀, ẹbí yóò lè sọ ìtàn ara rẹ̀ fún dókítà ní kíkún. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilé náà ni ó sì yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.